Ohùn Yẹ́misí

Orin ìdúpẹ́ ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Ayébọ̀dé-Èkìtì nígbà tí Yẹ́misí ṣàdédé dákẹ́ láàárín àwọn akọrin. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ò, Fọláhàn. Mo ń bọ̀."

Kò sí ẹni tó pè é. Àwọn tó dúró tì í wo ẹnu ọ̀nà náà, wọn kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Yẹ́misí tún ya ẹnu láti bá wọn kọrin, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó tún gbìyànjú. Kò sí ohùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú, omijé sì ń bọ́ sára aṣọ akọrin rẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, Fọláhàn, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá kan láàárín oko kòkó lẹ́yìn Ìgbólé. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ahọ́n rẹ̀ sínú ìkòkò.

Yẹ́misí ló tọ́ Fọláhàn dàgbà. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa bàbá àti ìyá wọn lójú ọ̀nà Ìfàkì, ó wá ku àwọn méjèèjì àti Àbẹ̀ní, ìyá bàbá wọn, tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Nítorí wọn ni Yẹ́misí ṣe kọ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó lọ sí Ìbàdàn. Òun ló ra gìtá fún Fọláhàn. Bí Fọláhàn bá ti ronú orin tuntun, ẹ̀yìnkùlé níbi tí Yẹ́misí ti ń yan gàrí ló máa ń gbé e lọ. Kó tó kọ ọ́ dé ìdajì, Yẹ́misí á ti máa gbè é.

Orin náà dára, ṣùgbọ́n kò tà. Fọláhàn ò ní ọ̀gá kankan lẹ́yìn. Òun ló ń ronú orin, òun ló ń gbà á sílẹ̀, òun náà ló ń gbé kásẹ́ẹ̀tì kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Ìkọ̀lé àti Ọ̀yẹ́. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, eruku á sì bò ó síbẹ̀. Àfi bí Adéyẹmí, akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti Ìyè, ṣe dédé bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì, tí rédíò ò sì gbé orin rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Fọláhàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ̀nà han òun. Adéyẹmí ní òun á mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan, ṣùgbọ́n tí àwọn bá ń padà bọ̀, kó má bi òun ní nǹkan kan.

Ògúndélé ni orúkọ oníṣègùn náà. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti dókítà. Ó mú Fọláhàn wọ yàrá tí kò ní fèrèsé. Ìkòkò kéékèèké tí wọ́n fi awọ dé lẹ́nu ló wà yí ògiri ká. Fọláhàn kọ́kọ́ rò pé eku ló ń rìn láàárín wọn. Nígbà tó fetí sílẹ̀ dáadáa, ohùn èèyàn ni. Ọ̀kan ń wúkọ́. Ọ̀kan ń pe ọmọ kan tó ń jẹ́ Lọ́lá. Ọ̀kan ń sunkún jẹ́ẹ́, kò sinmi.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́?" Ògúndélé béèrè.

"Rárá, bàbá."

"Irọ́ lo pa. Ta ló fẹ́ràn rẹ jù láyé yìí?"

Ògúndélé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni náà kò ní kú, yóò kàn dákẹ́ ni, gbogbo etí tó wà nílẹ̀ yìí yóò sì ṣí sí ohùn Fọláhàn. Ó ní kó yọ ahọ́n síta. Ó fi ìka méjì fà á mú, ó fi abẹ là á. Ìrora náà dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sínú ìkòkò òfìfo kan, Ògúndélé ń pọfọ̀ lé e lórí.

"Òkè gbọ́, òkè jẹ́. Odò gbọ́, odò jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yìí bá pè kò gbọdọ̀ má jẹ́. Ó yá, pè é bí o ṣe máa ń pè é nílé."

Fọláhàn tẹrí ba. Ọkàn rẹ̀ ní kó dìde. Kò dìde.

"Àǹtí Yẹ́misí."

Láti inú ìkòkò náà, nítòsí etí rẹ̀, ohùn tó mọ̀ ju ohùn ara rẹ̀ lọ dáhùn. "Ò, Fọláhàn. Mo ń bọ̀."

Ògúndélé da awọ bo ẹnu ìkòkò, ó sì dì í.

Kí oṣù náà tó parí, kásẹ́ẹ̀tì Fọláhàn ti tán ní Ìkọ̀lé. Àwọn tó jẹ́ kí eruku bo orin rẹ̀ wá ń wá a kiri. Onílé ijó kan ní Ìdó wá bá a fúnra rẹ̀ pé kó wá kọrin ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó àti òkè òkun dé. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri láti Ọ̀yẹ́ títí dé Ìdó.

Ṣùgbọ́n Yẹ́misí ń gbẹ. Iyán kọ́kọ́ kọ̀ kò lọ lọ́fun rẹ̀, ẹ̀kọ náà kọ̀, omi wá ń bá ẹ̀jẹ̀ padà jáde. Àwọn dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ Fọláhàn lé ọrùn ara rẹ̀, ó ya ẹnu, ó ń wò ó lójú bí ẹni tó ń béèrè bóyá ó ń gbọ́ nǹkan. Fọláhàn gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Nínú yàrá, Àbẹ̀ní, tí wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún, ń béèrè ohun tí òun ṣe fún Yẹ́misí tí kì í kí òun mọ́.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, Fọláhàn padà sí oko kòkó. Ó bẹ Ògúndélé pé kó tú ìkòkò. Ògúndélé ní kò le. Ohùn Yẹ́misí yóò padà sílé, ohùn Fọláhàn yóò wọ inú ìkòkò dípò rẹ̀, ó sì parí. Ó mú abẹ. "Yọ ahọ́n rẹ síta."

Fọláhàn wolẹ̀. Ó rántí àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọrin ti Ìdó yìí tán ná. Màá padà wá."

Ògúndélé gbé abẹ sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yín máa ń wí."

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, Yẹ́misí ló lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí Fọláhàn wọ̀. Kò lè dá dúró pẹ́ mọ́, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé òun á lọ. Kíkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló dì í mú dé Ìdó, wọ́n sì jókòó níwájú. Ilé ijó náà kún fọ́fọ́. Fọláhàn ta gìtá, ariwo sọ. Ó ya ẹnu.

Ohùn obìnrin ló jáde. "Ò, Fọláhàn. Mo ń bọ̀."

Ó pa ẹnu dé. Ohùn náà ti eyín rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń jáde bọ̀. "Mo ń bọ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bo àgbọ̀n rẹ̀ ni wọ́n dákẹ́. Ahọ́n rẹ̀ ti wú, ojú ibi tí abẹ là sì ń ṣí, ó ń pa dé, bí ètè.

Yẹ́misí dìde níwájú. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó wo Fọláhàn, Fọláhàn sì rí i pé ó ti yé e. Kò bínú. Ó na ọwọ́ sí i, bó ṣe máa ń ṣe tí Fọláhàn bá ṣubú ní kékeré, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Fọláhàn bẹ́ sílẹ̀, ó gbé e lé itan. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ohùn Yẹ́misí ló fi bẹ̀ ẹ́, pé "Ẹ dárí jì mí, Àǹtí mi." Yẹ́misí gbé ìka lé ètè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà já bọ́.

Nígbà tí Fọláhàn jẹ́wọ́, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ya lọ sí oko kòkó. Ilé náà ti ṣófo, kò ku ìkòkò kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún Àbẹ̀ní. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó béèrè pé ta ni. Ó tún béèrè.

"Èmi ni, màmá."

Arúgbó náà gbójú sókè, ó bú sẹ́kún ayọ̀. "Yẹ́misí. O ti wá ulé. Mo rò pé o bínú sí mi ni. Fọláhàn ńkọ́?"

"Ó ti lọ, màmá. Kò ní padà mọ́."

Àbẹ̀ní sunkún Fọláhàn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá ní kí Yẹ́misí kọrin fún òun. Fọláhàn jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó kọ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ títí arúgbó náà fi kú. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.