Eyín Inú Kọ́ọ̀pù

Ọjọ́ tí obìnrin kan kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, ìjà ló bá wọlé. Ó fẹ́ gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, torí fìlà tí wọ́n ń dé níbi iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba irun púpọ̀. Ó jókòó, onígbàjámọ̀ ta aṣọ bò ó lọ́rùn, ó fín sípírítì sára kílípà, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ dúró ná, bọ̀dá. Ṣé ẹ ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ̀rá àti irun àná kúrò lára nǹkan yìí?”

“Sípírítì ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àǹtí.”

“Kò pa nǹkan kan! Ẹ ń rọ òjò sórí òrùlé, ẹ rò pé onílé ti tutù.”

Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí gbogbo àdúgbò torí rẹ̀ ń pè é ní Eyínmẹ́nugún. Eyín iwájú rẹ̀ tò lọ gbọọrọ, ó funfun báláú. Obìnrin náà wò ó, ó gbàgbé ìjà tó ń jà.

Yàrá àyẹ̀wò ló ti ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò àìfojúrí tó ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà àti irin tí àwọn dókítà ń fi sára èèyàn ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń gẹ irun lọ, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń ṣàlàyé.

“Ọ̀kan á kọ́kọ́ wá bà lé nǹkan, á rọra dì í mú. Tẹ́ ẹ bá nù ún nígbà yẹn, ó lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á pe ará, á pe ọ̀rẹ́. Wọ́n á wá máa tú nǹkan kan tó ń yọ̀ jáde lára, wọ́n á fi kọ́lé bo ara wọn. Ṣé ẹ mọ inú kẹ́ẹ̀gì omi tí wọn ò fọ̀, bó ṣe máa ń yọ̀ lọ́wọ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Ilé wọn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wa ní àwọn sójà tirẹ̀. Tí wọ́n bá débẹ̀, wọn ò ní rọ́nà wọlé. Inú á bí wọn, wọ́n á da ohun ìjà wọn sílẹ̀ níta, ara àwa fúnra wa ni wọ́n á máa ṣe léṣe. Ibẹ̀ á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Kòkòrò á sì jókòó sínú ilé rẹ̀, á máa jẹun.”

“Háà! Ayálégbé tí ò ṣeé lé jáde!” ni onígbàjámọ̀ wí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń padà wá. Ó ń wá gẹ irun tí kò tíì hù. Àwọn oníbàárà rí i, wọ́n ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ìfẹ́ wọn kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Obìnrin náà ń pè é ní “adé orí mi”, ọkùnrin náà ń pè é ní “ìyá oníkòkòrò mi”, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn ṣìnkìn.

Àṣírí kan wà níbẹ̀ ṣá o. Eyín tí wọ́n fi ń pe onígbàjámọ̀ yìí, kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó já lulẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kán dànù. Dókítà eléyín ṣe oníke fún un, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó ní kó máa yọ ọ́ tó bá fẹ́ sùn, kó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó rẹ ẹ́ sínú omi. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹsẹ̀ títí ìfẹ́ fi dé.

Ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kó yí padà. “Má jẹ́ kó rí ọ láìléyín o, ọmọ mi. Obìnrin tó bá rí àlàfo yẹn kó tó wọlé rẹ, ẹ̀rín ni yóò fi ọ́ rín títí ayé. Jẹ́ kó di aya rẹ ná.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin náà lè yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó lè pè é lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ọkùnrin náà kò mọ ìgbà tó lè yọjú, ló bá kúkú pa yíyọ tì. Ó ń fi eyín sùn, ó ń fi eyín jí.

Kò pẹ́ tí àjà ẹnu fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Èrìgì pọ́n, ó wú. Òórùn dé. Ẹ sì rántí pé etí oníbàárà ni ẹnu onígbàjámọ̀ máa ń wà. Ọ̀kan fún imú pọ̀ lórí àga, ó ní, “Eyínmẹ́nugún, ṣé eku kú sí ṣọ́ọ̀bù yìí ni?”

Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó lọ ra omi ìfọnu tó le jù, èyí tí ọtí inú rẹ̀ ń ta ní imú. Ó ń fi fọ ẹnu láàárọ̀, ó ń fi fọ ẹnu lọ́sàn-án, ó ń rọ òjò sórí òrùlé. Ẹni tó ti wá ń gbọn kílípà rẹ̀ kó tó fín sípírítì sí i, kò rántí pé irú ilé kan náà wà lẹ́nu òun. Ìtìjú kì í jẹ́ kéèyàn ronú jinlẹ̀.

Tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, á yíjú.

“Adé orí mi, kí ló dé tó o fi ń sá fún mi?”

“Ọ̀fìnkìn ni.”

“Ọ̀fìnkìn wo ni kì í tán?”

Ó mú kílípà, ó ń gbọn ọ́n. Obìnrin náà wò ó títí, òun náà kò bi í mọ́.

Ọjọ́ tí yóò lọ fojú han bàbá obìnrin náà pé. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ohun tó rí lójú títì láàárín àwọn tó ń mutí wakọ̀ kò jẹ́ kó fẹ́ gbọ́ orúkọ ọtí sétí. Onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tún da omi ìfọnu sẹ́nu. Ilẹ̀kùn ṣí lójijì, ló bá gbé e mì.

“Sún mọ́ mi, ọmọkùnrin,” ni bàbá wí. “Kí ló dé tó o fi ń fọwọ́ bo ẹnu?”

Ó sún mọ́ ọn. Bàbá fà sẹ́yìn.

“Ọtí! Lọ́sàn-án gangan! Nínú ilé mi!”

Gbólóhùn kan ló kù kó sọ: omi ìfọnu ni, bàbá. Wọ́n á bi í pé kí ló ń fọ̀. Wọ́n á ní kó lanu. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín, ẹ̀sín kékeré ni ọkùnrin yìí ń sá fún tó fi bẹ́ sínú ńlá.

“Ẹ má bínú, sà,” ló wí. “Mo mu díẹ̀ ni.”

Kò tọ́ ọtí wò rí láyé rẹ̀. Olólùfẹ́ rẹ̀ lanu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, ó sorí kọ́.

“Mi ò ní fa ọmọ mi lé ọ̀mùtí lọ́wọ́,” ni bàbá wí. “Máa lọ.”

Ó lọ. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó jókòó sínú rẹ̀, kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin náà kan ilẹ̀kùn títí ó fi ṣí i.

“Yọ ọ́,” ló wí.

“Yọ kí ni?”

“Eyín. Jọ̀ọ́, yọ ọ́.”

Ó fọwọ́ bo ẹnu. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Imú mi ni. Òórùn yẹn ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti mọ̀ tipẹ́.”

“O mọ̀?” Ó fà sẹ́yìn. “O mọ̀, o sì jókòó síbẹ̀, tí bàbá rẹ ń lé mi bí ajá?”

Obìnrin náà bú sẹ́kún. “Ojú ló tì mí. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, mo dójú tì ọ́. Mo dákẹ́ títí wọ́n fi dójú tì ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ayé nípa kòkòrò! Mi ò lè sọ òótọ́ fún ẹni tí mo fẹ́ràn.”

Inú bí ọkùnrin náà. Ó kẹ̀yìn sí i, ó di àga oníbàárà mú. Inú rẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló pe ara rẹ̀ ní ọ̀mùtí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó yíjú padà. Ó ti ìka bọ ẹnu, ó yọ eyín náà, ètè rẹ̀ sì wọlé. Ó tẹ́ ọwọ́, ó gbójú sílẹ̀.

Obìnrin náà gbà á, kò yínmú, kò tutọ́. Ó fi àtàńpàkò pa á lára.

“Ó ń yọ̀,” ló wí. “Ilé wọn nìyí. Omi ìfọnu ò lè wó o, búrọ́ọ̀ṣì ló ń wó o. Àjà ẹnu rẹ sì fẹ́ ìsinmi. A jọ ń lọ rí dókítà eléyín lónìí.”

“Ṣé o ṣì fẹ́ mi báyìí?”

“Ẹnu tó purọ́ pé òun mutí ni mi ò fẹ́. Èyí tó ṣófo yìí, mo fẹ́ ẹ.”

Nígbà tí èrìgì san, wọ́n jọ padà sílé bàbá. Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀, ó yọ eyín lójú gbogbo wọn.

“Bàbá, mi ò mutí rí. Ohun tí mò ń fi pamọ́ nìyí.”

Bàbá wo eyín, ó wo ọmọ rẹ̀. “Ìwọ ńkọ́, o mọ̀?”

“Mo mọ̀, bàbá. Mo dákẹ́.”

Bàbá fọwọ́ nu ojú. “Mo sì lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Ó dáa, ta ni ojú ò tì nínú ilé yìí?”

“Èmi!” ni ìyá ìyàwó dáhùn láti ilé ìdáná. “Ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá rẹ̀. Ọmọ wa ni. Ẹ wá jẹun.”

Bí wọ́n ṣe ṣègbéyàwó nìyẹn.

Láàárọ̀ kùtù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, ìyá ọkọ wá kí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ rí lójú fèrèsé ni kọ́ọ̀pù omi kan, eyín ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gbangba. Àyà rẹ̀ já. Ó gbá kọ́ọ̀pù náà mú, ó fẹ́ fi aṣọ bò ó.

“Màmá, ẹ gbé e síbẹ̀,” ni ìyàwó wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. “Kò tíì rẹ tó.”

Ọkọ jáde láti yàrá, ó rí àwọn méjèèjì, ó sì bú sẹ́rìn-ín tàlàfo-tàlàfo. Ìyá rẹ̀ kò tíì rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti já lórí kẹ̀kẹ́. Ó wo ọmọ, ó wo ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó sì rọra dá kọ́ọ̀pù náà padà sójú fèrèsé.