Ìtàn Tí Bàbá Rẹ̀ Ń Tẹ̀

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, iṣẹ́ yín ti kú."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Èmi ni mò ń tún ètò ìkọ̀wé tí ilé-iṣẹ́ wa ṣe fún kọ̀ǹpútà ṣe. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa dán an wò. Ó kàn tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ láìgbé ọwọ́ kúrò, ni ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún ṣe bá kú fin-ín fin-ín.

"Ta ló ń kọ̀wé báyẹn?" Inú ń bí mi.

"Ẹni tó sùn lé bọ́tìnnì."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kí ọdún tó yípo, ìfẹ́ rẹ̀ ti gba gbogbo ọkàn mi. Bó bá tún ba iṣẹ́ mi jẹ́, á ní, "Olólùfẹ́ mi, má bínú," inú mi á sì máa dùn bí òmùgọ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé ìyàwó wọn tó ti kú, inú ètò tiwa yìí náà ni. Lọ́jọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ṣàdédé di wúruwùru. Ojú wọn sì ti di bàìbàì. Wọn ò lè tẹ òmíràn mọ́.

"Bá mi wá ohun tó jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ tó o bá rí i, mo fún ẹ lọ́mọ mi."

Oṣù méjì la fi wá a. Ètò náà á fi àyè kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, á tún padà lọ kọ nǹkan síbẹ̀, bí ayálégbé tó ti kó jáde tó ṣì ń ṣílẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ìlà kan péré ló fà á. Mo wo ẹni tó kọ ìlà náà.

Èmi ni.

"Má sọ fún wọn," ó dì mọ́ mi. "Jọ̀ọ́, ọkọ mi. A ṣáà ti tún ètò náà ṣe."

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n ní kí n dìde. "Ọmọlúàbí ni ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì nìyàwó mi ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè máa gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí."

Ọmọ wọn sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi nìkan ni wọ́n ní," ló ń wí, ó ń sunkún. Mo mọ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Kí oṣù tó parí, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó kọ̀wé sí mi. Bàbá fẹ́ tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. "Ṣé mo lè fọkàn tán ètò yẹn báyìí?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán an wò kí n tó fèsì. "Bẹ́ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Kò ní já ẹ kulẹ̀."

"Ẹ ṣeun," ló dá mi lóhùn.