Irin Méjì Tí Rejoice Yọ Kúrò

"Rọra o, ọrùn yẹn ń ta mí," ni bàbá Rejoice wí. Ó tẹ orí ba kí ọmọ rẹ̀ lè da omi tútù sí i lẹ́yìn ọrùn.

Rejoice rọra ń da omi náà. Oòrùn ti bó ọrùn Ebenezer Bámgbóṣé bí ìgbà tí èèyàn bó iṣu sísè. Katakata ni ọkùnrin yìí ń wà fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ alájẹṣẹ́kù kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, katakata náà kò sì ní òrùlé. Bí oòrùn mú, orí rẹ̀ ló ń pa. Bí òjò rọ̀, ara rẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Lọ́dún tó kọjá, òòyì kọ́ ọ lórí iṣẹ́, ó ṣubú sẹ́bàá táyà ńlá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti pa ọkọ̀ náà kó tó ṣubú.

"Dádì, kí ló dé tí ẹgbẹ́ yín ò ṣe òrùlé sí i?"

"Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti sú mi. Abẹ́ igi ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ta ló máa rántí oòrùn lábẹ́ igi?"

Ìfẹ́ bàbá ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọmọ burúkú ni Rejoice. Àwọn ọmọ rere náà ń ṣe irú ohun tó ṣe yìí, òun ló sì ń dùn mí.

Ní oṣù kẹwàá, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé tó ń kọ́ wọn ní yíyàwòrán ẹ̀rọ wọ kíláàsì SS2, ó ní ìdíje kan ń bọ̀ nílùú Ọ̀yọ́. Òrùlé tí awakọ̀ katakata yóò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà. Àwòrán kan ṣoṣo ni ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè mú lọ. Èyí tó bá gba ipò kìn-ín-ní, wọ́n á fi irin gidi ṣe é, wọ́n á sì dè é mọ́ katakata tí ẹni tó yà á bá yàn, lọ́fẹ̀ẹ́. Rejoice kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ náà sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́. Ọrùn bàbá rẹ̀ ló ń rò.

Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà. Ohun tó ń jáde kò yàtọ̀ sí agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì fóònù létí títì. Mubaraq tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kò tètè mú pẹ́ńsùlù rárá. Oko kajú tí ìyá rẹ̀ àgbà ti máa ń ṣa kóró kajú ló kọ́kọ́ lọ. Ó bẹ awakọ̀ tó wà níbẹ̀, bàbá Rejoice gan-an, pé kó jẹ́ kí òun gun katakata náà wò. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi okùn wọn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á.

Ibà ló bá a jà nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kó iṣẹ́ jọ. Rejoice yà kí i nílé wọn ní Takie nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé. Mubaraq ti ká sínú aṣọ, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó sì na àwòrán náà sí i.

"Jọ̀ọ́, bá mi fún tíṣà láàárọ̀ ọ̀la. Má jẹ́ kó rún o."

"Má ṣèyọnu. Ìwọ ṣáà lo oògùn ẹ."

Nígbà tí Rejoice délé, ó tú àwòrán náà wò. Òpó mẹ́rin ló di òrùlé náà mú, orí irin gidi ni gbogbo wọn sì dúró lé, kì í ṣe orí mọ́gáàdì, páànù tó bo táyà. Òrùlé náà jẹ́ páànù méjì tó léra, àlàfo wà láàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á kọjá, kí ooru má bàa dé orí awakọ̀. Níwájú, irin gbọọrọ méjì dìde láti imú katakata, wọ́n dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ títí dé iwájú òrùlé. Rejoice wo irin méjèèjì yìí títí, kò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí àwòrán yìí bá wọlé, ti òun kò ní rí Ọ̀yọ́.

Ó lè ká a kó sì tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Ó tẹ́ bébà tuntun sórí tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ: òpó mẹ́rin, páànù méjì, àlàfo. Nígbà tó kan irin iwájú, ó dáwọ́ dúró. Wọ́n jọ ìwo màlúù lójú rẹ̀, ó sì ń wá ohun tó máa mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Mubaraq. Ó fò wọ́n. Ó wá ki àwòrán Mubaraq sábẹ́ ìkòkò tí ìyá rẹ̀ gbé kaná, ó sì dúró tì í títí tó fi jó tán.

"Ara Mubaraq ò yá, sà," ló sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé. "Kò rí i yà."

"Mo ti fún wọn," ló sọ fún Mubaraq lórí fóònù.

Irọ́ méjì láàárọ̀ kan, kò sì tíì jẹun.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn adájọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó mọ́ lójú, kò sí wúruwùru kankan lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà Asiyah, bi í pé kí ló dé tó fi àlàfo sáàárín páànù méjì. Rejoice ní kí ooru má bàa dé orí awakọ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó bi í bóyá igi wà nínú oko tí katakata náà ń wọ̀. Ó gba ipò kìn-ín-ní, wọ́n yà á ní fọ́tò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé e káàkiri orí fóònù wọn.

Wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Ọjà Igbó, tó ń jẹ́ Ògúnbíyìí, ló fi irin jó òrùlé náà pọ̀ bó ṣe wà nínú àwòrán. Lọ́jọ́ tí wọ́n dè é mọ́ katakata, bàbá Rejoice jókòó sábẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, ó kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń pè.

"Ẹ wá wò ó! Ọmọ tí mo bí ló ṣe é!"

Inú Rejoice dùn, inú náà ló sì tún ń bàjẹ́. Bí olè ṣe máa ń jayé nìyẹn.

Nígbà tó yá, Mubaraq rí katakata náà níbi tó ti ń kọjá ní Takie. Lọ́jọ́ kejì, ó pe Rejoice sẹ́yìn kíláàsì. Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló bà Rejoice lẹ́rù.

"Irin méjì iwájú dà?"

"Irin wo?"

"Rejoice, má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ mi. Ti pé o jí i, mi ò tíì dé orí ìyẹn. Irin iwájú ni mo ń bi ẹ́. Oko kajú ni Dádì ẹ ń wọ̀. Tí kajú bá ti yọ òdòdó, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹ̀ka ẹ̀, ẹ̀ka á sì wálẹ̀ gan-an. Tẹ́lẹ̀, Dádì ẹ máa ń tẹ orí ba ni. Òrùlé ò lè tẹ orí ba. Irin yẹn ni ẹ̀ka máa kọ́kọ́ bá pàdé, á gùn ún lọ sókè, á sì kọjá. Tí ò bá sí irin, etí òrùlé ló máa kọ́."

"Ìlara lò ń ṣe. Kí lẹ̀rí ẹ?"

"Mi ò wá ẹ̀rí. Lọ bá wẹ́dà kó jó o mọ́ ọn. Sọ pé ìwọ lo rò ó. Mi ò ní bá ẹ jà."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń bẹ olè, ó tún fún un ní irọ́ tó máa fi bo ara rẹ̀. Kí ló tún kù? Rejoice ní òun ti gbọ́. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé ohun tó ti gba ipò kìn-ín-ní, tí èèyàn bá tún ń fi nǹkan kún un, àwọn èèyàn á ní kò pé tẹ́lẹ̀. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó ní ìdánwò ń bọ̀, kí òun kàwé ná. Ọyẹ́ mú, kajú yọ òdòdó, gbogbo oko ń ta sánsán.

Àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń gé koríko àárín igi, kí iná ọyẹ́ má bàa jó oko. Bàbá Rejoice gbé katakata wọ àárín kajú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń kọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ka kan tó nípọn bí itan kọ́ etí òrùlé. Katakata kò dúró. Òpó iwájú méjèèjì tẹ̀ sẹ́yìn, bóòtù já, òrùlé náà sì wó lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ sítíárìn. Ayùn ni wọ́n fi gé irin kí wọ́n tó rí i yọ. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní ọwọ́ náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Wọ́n gé e lókè ìgúnpá.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá kí i nílé. Fáwọlé alága wọn ló sọ̀rọ̀. Rejoice àti Martha, ìyá rẹ̀, wà níbẹ̀.

"Ẹ kú ewu, Bámgbóṣé. Ẹ kú ìrọ́jú. Ṣùgbọ́n a ní láti bá ara wa sọ òótọ́. Àwọn ẹnjiníà ló yẹ òrùlé yẹn wò l'Ọ́yọ̀ọ́, òun ló sì gba ipò kìn-ín-ní. Àléébù ò lè wà lára ẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé ẹ ti mu nǹkan lọ́jọ́ náà."

Martha bú sẹ́kún. Díákónì ni ọkọ rẹ̀ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti ìgbà tó ti dàgbà, ọtí kò kan ètè rẹ̀. Ebenezer ló dá alága lóhùn.

"Mi ò mutí, alága. Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé mo sáré jù. Ẹ dá mi lẹ́bi, kò burú. Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fẹnu kan òrùlé yẹn. Iṣẹ́ ọmọ mi dára."

Rejoice kúnlẹ̀. Kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

"Kì í ṣe iṣẹ́ mi, Dádì. Mubaraq ló yà á. Mo jí i, mo sì yọ irin méjì kúrò níwájú rẹ̀, irin tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀ka kọ́ ọ. Dádì ò mutí, wọn ò sáré. Èmi ni."

Àwọn àgbẹ̀ wo ara wọn, alága sì ṣí fìlà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ebenezer lójú gbogbo wọn. Ẹ̀sùn ọtí kú síbẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, bàbá náà ṣì ń wo ọmọ rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ṣé Mubaraq mọ̀ pé irin yẹn kò sí níbẹ̀?"

"Ó mọ̀, Dádì. Ó sọ fún mi. Ó ní kí n lọ bá wẹ́dà."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti lé ní oṣù kan kó tó ṣẹlẹ̀."

"Oṣù kan," ni Ebenezer wí. "Ojoojúmọ́ ni ò ń gbé oúnjẹ àárọ̀ fún mi kí n tó lọ sóko."

Kò nà án, kò sì gbé e ṣépè. Ó ní kó dìde nílẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri.

Ilé ìwé ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì ti fi orúkọ Mubaraq sí ibi tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Òrùlé tuntun ti wà lórí katakata, pẹ̀lú irin méjì níwájú rẹ̀. Awakọ̀ mìíràn ló ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Rejoice ló ń bá bàbá rẹ̀ bu òkèlè tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bá lè bù dáadáa, òun ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bàbá náà máa ń sọ pé, "O ṣeun," bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá jí iṣẹ́ oníṣẹ́, ìyìn iṣẹ́ náà nìkan ló lè jí. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kì í bá olè lọ. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ọjọ́ tí wọ́n kìlọ̀ fún yín ni kí ẹ padà, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé Bámgbóṣé, ọwọ́ tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé, èyí tó ṣẹ̀ ṣì wà lára Rejoice, méjèèjì pé.