Gìtá Olókùn Márùn-ún

Motọ́láyọ̀ ti gbé gìtá náà kọ́ èjìká, kò sì jọ pé ó fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ṣítù ló dúró sí, lẹ́yìn àwọn aláṣọ ní ọjà Arzèkè, níbi tí bàbá náà ti ń ta àlòkù ohun èlò orin. Gìtá béèsì pupa ni, ó ń kọ mọ̀nà, okùn márùn-ún ló sì wà lára rẹ̀. Dígí ńlá kan fara ti ògiri. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún náà ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

Gìtá mìíràn wà lórí tábìlì. Òun ni Motọ́láyọ̀ gbé wá láti ilé. Olókùn mẹ́rin ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti erùpẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì ti bó níbi tí apá máa ń fara kàn. Tántì Àbíkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ni ín. Ogún ọdún ni Tántì fi ta á nínú ẹgbẹ́ olórin kan kí làkúrègbé tó mú un ní ọmọ ìka. Nígbà tí ọwọ́ kò ṣe é mọ́, ó pe Motọ́láyọ̀, ó gbé gìtá náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "N kò fún ọ kí o fi ṣe ọ̀ṣọ́. Mo fún ọ kí ohùn rẹ̀ má baà kú." Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀ gbà á, ó sì ṣèlérí. Kò tíì ju ọdún méjì lọ.

Ta ló wá sún un dé ọjà? Ràyhánátù ni, ẹni tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí Motọ́láyọ̀ ti ń ta gìtá. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi gìtá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní igi ìdáná ni, ó ní bí àwọn bá gun orí ìtàgé, àwọn ènìyàn á rò pé ìrẹsì ni àwọn fẹ́ sè. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Motọ́láyọ̀ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ìdíje sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Nínú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí yóò ṣeré ní gbọ̀ngàn Titirou, ọ̀kan ṣoṣo ni wọn yóò mú lọ sí àjọ̀dún orin ní Kútọnu. Motọ́láyọ̀ kò dé Kútọnu rí. Ó pinnu pé òun kò ní gbé igi ìdáná lọ síbẹ̀.

Bàbá Ṣítù gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ilé mọ̀ sí i. Motọ́láyọ̀ ní wọ́n mọ̀. Irọ́ ni. Bàbá náà fọwọ́ kan ẹ̀yìn gìtá pupa náà.

"Èyí tí o gbé wá yẹn, wáyà nìkan là ń kì bọ̀ ọ́, ó parí. Pupa yìí ní píìlì, bátìrì kékeré, níkùn. Níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ti wà lára rẹ̀, ó ń jẹ píìlì yẹn, ìbáà jẹ́ pé o ń ta á tàbí o kò ta á. Bí o bá ti ṣe tán, yọ wáyà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Motọ́láyọ̀ wí, ojú rẹ̀ sì wà nínú dígí. Etí rẹ̀ gbọ́ lóòótọ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò sí nílé.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bàbá rẹ̀ ló mú ìròyìn náà wọlé nígbà oúnjẹ alẹ́, ẹ̀rín ń bẹ ní ẹnu rẹ̀: Tántì Àbíkẹ́ ń bọ̀ ní Titirou lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun ti bẹ ẹni tí yóò fi mọ́tò gbé òun, pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn gìtá òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Motọ́láyọ̀ sọ òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú abọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Bí wọ́n ṣe jáde ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, ó gun sẹ́míjàn, ọ̀kadà tí ń gbé èrò, ó gbé gìtá pupa náà mọ́ àyà, ó di Arzèkè. Ó fẹ́ dá a padà. Bàbá Ṣítù gbọ́ ọ títí, ó wá mi orí. Oníṣòwò kan tó ń padà sí ilẹ̀ Níjẹ̀ ti gbé èyí tó mú wá lọ láti àná. Bàbá náà kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì mọ ìlú tó ń lọ. Motọ́láyọ̀ dúró síbẹ̀ títí tí alábàárù kan fi ní kó yà lọ́nà.

Ó yẹ kó lọ sọ òtítọ́ fún Tántì lọ́jọ́ yẹn. Títì kan péré ló wà láàárín ilé wọn. Ṣùgbọ́n èrò mìíràn ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn: bí òun bá ta gìtá pupa yìí débi pé ẹnu yóò ya gbogbo gbọ̀ngàn, Tántì yóò gbàgbé ti àtijọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ àrà. Ó ń sá ìka lórí okùn sókè sódò, ó ń mi orí, ó ń fò, ó ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kó ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, ìyá rẹ̀ pè é pé kó wá bá òun bu omi sí ẹ̀wà. Ó gbé gìtá ti ògiri pẹ̀lú wáyà lára rẹ̀. Láti ìdí ẹ̀wà, ó lọ fọ abọ́. Láti ìdí abọ́, ó lọ sùn. Gìtá náà dúró síbẹ̀ di àárọ̀, ó ń mu píìlì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹgbẹ́ wọn sì ní òfin kan. Dáreolúwa tó ń lu ìlù fún wọn ló ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, òun ni àgbà wọn, òun náà ni olórí. Kí wọ́n tó kọ orin kankan, yálà nílé ni tàbí lóde, ìlù àti béèsì nìkan ni yóò kọ́kọ́ dún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn kan ṣoṣo ni béèsì yóò máa ta, lásìkò kan náà pẹ̀lú ìlù ńlá tí Dáreolúwa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn yòókù yóò jókòó, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pe ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà. Ó máa ń sú Motọ́láyọ̀. Ó máa ń rò ó pé ta ló ń sanwó wá gbọ́ ohùn kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pẹ́ dé ìpìlẹ̀. Ràyhánátù ló dá a dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn tó ń ya Motọ́láyọ̀ àti gìtá pupa ní fọ́tò. Nígbà tó fi wọlé, àwọn adájọ́ ti ń pe orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Dáreolúwa ní kí wọ́n tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n Dáre, ọwọ́ mi ti gbóná," ni Motọ́láyọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Dáreolúwa gbé ọ̀pá ìlù rẹ̀. Wọ́n gun orí ìtàgé.

Ìlà kejì ni Tántì Àbíkẹ́ jókòó sí, ó wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wú lé orúnkún. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí gìtá pupa náà. Ojú náà kò kúrò níbẹ̀. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò ó. Motọ́láyọ̀ gbójú sá fún un, ó ki wáyà bọ gìtá, orin bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kìíní dára. Àwọn ènìyàn kan ń pàtẹ́wọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń sáré. Ni ó bá tún fi kún un. Ìlù wà níbì kan, òun wà níbòmíràn, Dáreolúwa sì ń wò ó láti ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wo ọmọ tó já sí títì. Ìgbà náà ni ohùn gìtá bẹ̀rẹ̀ sí ha. Motọ́láyọ̀ rò pé àmpílì ni, àpótí tí ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ó tẹ̀ síbẹ̀, ó yí i sókè. Ó tún ha jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yí i sókè sí i. Gìtá náà kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ wá di ohun ìtìjú. Ìka rẹ̀ ń lọ, ohùn kankan kò jáde. Ràyhánátù tó ń kọrin kò rí ohun tí yóò gbé ohùn rẹ̀ lé mọ́, ó yẹ̀ kúrò lójú orin, ó yípadà wá wò ó, ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. Onígìtá kejì dúró. Ìlù nìkan ló gbé orin náà dé òpin bí ẹni tó ń ru aláìsàn. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Orin méjì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní. Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n tún ohun èlò wọn ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Dáreolúwa rìn wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò pariwo.

"Lánàá tí o ta á tán, ṣé o yọ wáyà?"

Irọ́ wà létè Motọ́láyọ̀. Ó wo ìlà kejì, ó gbé irọ́ náà mì. "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. N kò yọ ọ́."

Kò sí irú píìlì bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni dé Arzèkè. Omijé ti kún ojú Motọ́láyọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti gìtá náà, ibẹ̀ ni bàtà ẹnì kan ti dúró níwájú rẹ̀. Àbdùlhàfíìsì ni, ọmọkùnrin tó ń ta béèsì fún ẹgbẹ́ Zongo, àwọn tó kàn lẹ́yìn wọn. Ó na gìtá dúdú kan sí i, olókùn mẹ́rin, èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

"Gbà. Okùn rẹ̀ le, kò fẹ́ ìsáré. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."

"Ṣé ẹ̀yin náà ò fẹ́ lọ sí Kútọnu ni?"

"A fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ló ṣẹlẹ̀ sí lónìí ńkọ́?" Ó yí padà, ó lọ.

Motọ́láyọ̀ ki wáyà bọ̀ ọ́. Okùn náà le lóòótọ́, kò sí àrà tó lè fi dá. Ó yíjú sí Dáreolúwa, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìlù. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀, òun náà ta. Ohùn kan. Ẹsẹ̀ tún tẹ̀, ó tún ta. Kò gbé ojú kúrò níbẹ̀, kò sáré, kò fò. Ohun tó máa ń sú u láàárọ̀ Sátidé gbogbo ló ń ṣe lójú gbogbo ayé. Ó gbọ́ tí ilẹ̀ ìtàgé ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ràyhánátù di ohùn náà mú, ó gun orí rẹ̀, ó sì kọrin bí kò ṣe kọ ọ́ rí. Nígbà tí Motọ́láyọ̀ wo ìlà kejì, Tántì ti di ojú, ìka rẹ̀ tó wú sì ń tẹ orúnkún, lásìkò kan náà pẹ̀lú ti òun.

Ẹgbẹ́ Zongo ni wọ́n mú lọ sí Kútọnu. Ẹgbẹ́ wọn ṣe ipò kejì. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ sọ ọ́ gbangba pé bí orin kìíní bá rí bí ìkejì, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ràyhánátù sunkún. Motọ́láyọ̀ kò rí ojú wò ó.

Níta, lábẹ́ igi máńgòrò, Tántì Àbíkẹ́ ń dúró dè é.

"Gìtá mi dà?"

Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dígí dé orí oníṣòwò Níjẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Nígbà tó parí, Tántì fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra èkejì.

"Ó dùn mí," ló wí. "N kò ní parọ́ fún ọ. Ó dùn mí púpọ̀. Orin kìíní yẹn, ta ni o ń ta gìtá fún?"

"Ẹ̀yin, Tántì. Kí ẹ má baà rántí gìtá yín."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Orin náà ni mò ń ta á fún, Tántì."

Tántì fa á dìde. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ni o lọ gbà ní Arzèkè. Gìtá mi ti lọ, a kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí, lára gìtá ẹlòmíràn. Má jẹ́ kí ìyẹn náà lọ."

Dáreolúwa kò lé e nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó fi ìyà kan jẹ ẹ́. Fún oṣù méjì, ìpìlẹ̀ nìkan ni Motọ́láyọ̀ yóò máa bá wọn ta. Bó bá ti parí, yóò jókòó, yóò sì máa gbọ́ àwọn yòókù. Ó gbà láìjiyàn. Ní Sátidé kìíní, Tántì Àbíkẹ́ wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Motọ́láyọ̀ ta ohùn kan ṣoṣo lórí gìtá pupa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò fi ọ̀kan kún un. Nígbà tó ṣe tán, kó tó nu òógùn ojú rẹ̀, ó yọ wáyà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rò pé ohun èlò tó ń dán ni yóò sọ àwọn di olórin. Motọ́láyọ̀ ti mọ̀ báyìí pé ọwọ́ tó gba ìkóra-ẹni-níjàánu ni orin ń dúró lé, àti pé ohun tí a bá fi irọ́ gbà, ojú gbogbo ènìyàn ló ti máa ń dákẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.