Baba Tí A Kò Lè Fò

"Bọ̀dá, bàbá yín wọ́ o! Àbí ó mu ọtí kó tó kú ni?"

Ọ̀rọ̀ tí Rọ́fíàt kọ́kọ́ bá Nathan sọ nìyẹn. Orí àkàbà ni Nathan wà, nínú fúláàtì ìyá bàbá rẹ̀ ní Eccles nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gbé àwòrán baba ńlá rẹ̀ kan kọ́ ògiri. Rọ́fíàt tó jẹ́ carer ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti wá wẹ ìyá àgbà. Nathan rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ìfẹ́ kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé sáàárín wọn.

Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé de Brissaye ní ilẹ̀ Faransé láyé àtijọ́. Ilé ńlá ti lọ, ilẹ̀ ti lọ, àwòrán àwọn baba ńlá ló kù. Ìyá àgbà, tí wọ́n ń pè ní Màmá, a máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Guillaume jagunjagun, Armand bíṣọ́ọ̀bù, Hélène tó ṣí àká fún ìlú nígbà ìyàn, Louis ọlọ́kọ̀, Philippe ọmọ Louis tí wọ́n bẹ́ lórí nígbà tí ìlú dìtẹ̀ mọ́ ọba. Bó bá dórí Louis, Màmá kì í dúró. "Ó ní ọkọ̀ ojú omi," á ní, á sì kọjá lọ.

Ọmọ ilé oríkì ni Rọ́fíàt. Kò lè gbọ́ orúkọ kí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Bó bá ń ya irun Màmá, á bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ Guillaume tó gẹṣin funfun rogun! Ọmọ Armand olórí àlùfáà!"

"Bíṣọ́ọ̀bù kì í bímọ," Màmá á ní.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbà bẹ́ẹ̀."

Nathan á fara ti ilẹ̀kùn. "Tèmi dà?"

"Ọmọ elétí pẹlẹbẹ, kọ́kọ́ láárí ná!"

Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní olówó orí mi. Nathan ti ń kírun, ó sì ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ó ku kí bàbá Rọ́fíàt, Alhaji Múfútáù ní Ìwó, mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Halimah, ọ̀rẹ́ Rọ́fíàt tí wọ́n jọ ń gbé, kìlọ̀ fún un. "Ìwọ ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu ẹ yá jù. Ṣáà sọ pé ọmọ dáadáa ni, kó o dákẹ́."

Rọ́fíàt dákẹ́ kẹ̀? Lọ́jọ́ tí wọ́n pe Alhaji lórí fídíò nínú fúláàtì Màmá, ó ki ìdílé Nathan láti orí Guillaume. Alhaji ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. "Ọmọ Louis ọlọ́kọ̀, tó fòkun ṣe ọ̀nà dé Àjàṣẹ́!" Ó ti kà á lábẹ́ àwòrán, ó sì rò pé orúkọ ìlú etí òkun tí bàbá òun mọ̀ yóò dùn mọ́ ọn nínú.

Alhaji gbọ́wọ́ sókè. "Kí ló ń rà ní Àjàṣẹ́?"

Rọ́fíàt yíjú sí Nathan. Nathan wo ilẹ̀. Èdè Yorùbá ló fi dáhùn.

"Èèyàn."

Alhaji ṣí fìlà lórí. "Rọ́fíàt, kí ni mo fi ń ki ẹ́ láàárọ̀?"

Láti kékeré ni Rọ́fíàt ti ń gbọ́ ọ, bí orin ọmọdé ló ṣe rí létí rẹ̀. "Ọmọ Àjàdí tí wọ́n mú gba Àjàṣẹ́ lọ, tí oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà nínú àwo."

"Ọmọ dáadáa lọmọ yìí, mo rí i lójú ẹ̀. N ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ń ki Àjàdí, n ò lè fi sọ pé mo fọmọ fún ọmọ Louis."

Bí bàbá ò bá sì fẹnu sí i, kò sí yìgì.

Ìyá Rọ́fíàt bẹ̀ ẹ́. Lẹ́mọ́mù bẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ẹ lọ bẹ Àjàdí."

Nathan tú àwòrán Louis kúrò lára ògiri. Màmá sunkún. "Ọmọ mi, ara ògiri lo ti tú u. Ta ló máa tú u lára wa?"

Rọ́fíàt tí í bá ọ̀gá jà, tí í bá onílé jà, kò rí ẹni tó máa bá jà. Bàbá rẹ̀ kò ṣẹ̀. Nathan kò ṣẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ẹni tó ṣẹ̀. Ó ní kí ọ́fíìsì gbé òun lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Bury.

Salford Quays ni wọ́n ti pínyà, ní ibùdó tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, lẹ́bàá ibi iṣẹ́ Nathan, níbi omi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí nígbà kan.

"Rọ́fí, ki mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Jọ̀ọ́, fo Louis."

Ó la ẹnu. "Ọmọ Guillaume tó gẹṣin funfun rogun. Ọmọ Hélène tó ṣí àká fún ìlú. Ọmọ..." Ó dúró. "Nathan, tí mo bá fò ó, ta ló bí Philippe?"

Nathan yíjú sí omi.

"Tí mo bá fò ó, olówó orí mi, ìwọ náà ò sí."

Tíráàmù dé. Rọ́fíàt wọlé, ó fojú ti gíláàsì. Lóde, ètè Nathan ń mì. Ó ń ki ara rẹ̀, láti orí Guillaume. Rọ́fíàt ń bá a kà á nínú ọkàn: Guillaume, Armand, Hélène.

Ètè náà dúró. Tíráàmù gbéra.