Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Wọ́n Yọ Kúrò

Lọ́jọ́ tí ìwé ìbéèrè fún àwọn ìyá ìkókó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ara Ìyá Ìṣirò yá gágá. Bí wọ́n ṣe ń pè é níbi iṣẹ́ nìyẹn. Ìdáhùn ẹgbẹ̀rún kan ìyá ìkókó ló ti fi kọ̀ǹpútà tò, kó lè mọ àwọn ìbéèrè tó ń rìn pọ̀ bí ìdì kan, kí nọ́ọ̀sì lè tètè mọ ìyá tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀.

"Ìdì mélòó la fẹ́ mú?" ọ̀gá bi í.

"Mẹ́ta, sà. Mo da àwọn ìdáhùn yẹn rú nígbà ọgọ́rùn-ún, kí n lè mọ bí ìdì tó kàn ṣèèṣì kóra jọ ṣe ń lágbára tó. Ìdì àìsùn lágbára ju ìyẹn lọ. Ìbẹ̀rù náà jù ú lọ. Ẹ̀kẹta, ti ìyá tí ọmọ rẹ̀ dà bí àjèjì lójú rẹ̀, díẹ̀ ló fi jù ú, àmọ́ ó jù ú."

"Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀kẹta yẹn! Ojú ewé kan ni wọ́n fún wa. Ìdì méjì ti tó."

Ta ló fẹ́ bá ọ̀gá jiyàn? Ìyá Ìṣirò yọ ìbéèrè mẹ́ta náà kúrò, ó sì buwọ́ lu ìwé náà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àbúrò rẹ̀ bímọ. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé náà jáde.

"Ṣé ẹ ń rí oorun sùn?"

"Mò ń sùn."

"Ṣé àyà yín ń já?"

"Rárá."

Kò sí ìbéèrè tó bi í bí ọmọ ṣe rí lójú rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ pé àlàáfíà ni. Ní ọjọ́ kẹta sí i, àbúrò yìí tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìrọ̀rí yí i ká, ó sì jáde. Wọn ò tíì rí i.

Ìyá Ìṣirò gbé ọmọ lọ bá nọ́ọ̀sì.

"Àǹtí, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà la bi wọ́n."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Ó pe ọ̀gá pé kí wọ́n dá ìbéèrè mẹ́ta náà padà.

"Ìwé náà ti dé gbogbo ilé ìwòsàn. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọmọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tó tún lè ṣe. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí ìṣirò bá fi hàn pé ó wà ni kí ẹ mú, kì í ṣe iye tí bébà lè gbà. Bí ìyá ìkókó bá sì wà nílé yín, ẹ jókòó tì í lónìí, kí ẹ bi í bí ọmọ náà ṣe rí lójú rẹ̀. Ìwé ò lè bi í ní ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú rẹ̀.