Olùyẹ̀wò Tí Ó Sùn Nínú Ilé Sinimá

Ọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, jókòó nínú ilé sinimá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ fíìmù tuntun wò fún ìwé ìròyìn kan, kí ó sì sọ fún àwọn ìdílé èyí tí ó yẹ fún ọmọdé àti èyí tí kò yẹ. Ojú Ìdílé ni àwọn òǹkàwé ń pè é. Fún ọdún mọ́kànlá ni àwọn òbí kò fi mú ọmọ lọ wo fíìmù kan láìkọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni Ojú Ìdílé wí?"

Ó ti rẹ ọkùnrin yìí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun òru kan lè mú kúrò. Ó ti wo fíìmù títí gbogbo wọn fi di ọ̀kan náà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ìjọ, ìlà iwájú ni ó ń jókòó sí, a sì máa gbé orí sókè bí ẹni pé òun ni òpó tí ó gbé òrùlé ró.

Fíìmù ọjọ́ náà jẹ́ apá kejì ìtàn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n fẹ́ràn orin àti ijó. Apá kìn-ín-ní mọ́ tónítóní: orin, ìdíje, ìjà díẹ̀, ìdáríjì. Orin àkọ́kọ́ kò tíì parí tí oorun fi gbé e lọ. Ìgbà tí wọ́n tan iná ni ó tó jí. Ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀ nù, ó mú kálàmù, ó sì kọ ọ́ pé: "Bí ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ kó gbogbo ọmọ yín lọ."

Kò mọ̀ pé ní àárín apá kejì náà, ọmọbìnrin tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù lọ gun òrùlé ilé-ẹ̀kọ́, ó kọrin pé òun kò bẹ̀rù, ó sì fò sílẹ̀. Nínú fíìmù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á mú, wọ́n sì ń jó lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn jáde, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, gun òrùlé ilé ìdáná wọn. Ó kọ orin náà, ó sì fò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta na ọwọ́. Wọn kò lè gbà á. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá ọmọ náà di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ti sọ fún gbogbo òbí pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ò lè rí irú ìyẹn kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Bàbá tó ń yí ẹ̀rọ sinimá ló fi kún un lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ tán. A ó lé e kúrò níbẹ̀ ní ìpàdé àwọn òbí lọ́la."

"Ta ló rí i pé òun ni?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Àbí ẹ̀yin lẹ máa parọ́ ni?"

Ọmọ náà la ojú. "Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, ṣé ẹ rí bí ó ṣe fò nínú fíìmù yẹn?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó dìde, ó sì jáde.

Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ bá bàbá ẹlẹ́rọ náà, onígbàgbọ́ tòótọ́ kan, ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn sinimá, níbi tí ó ti ń nu dígí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ wá parí oorun ọjọ́sí ni?"

"Ẹ rí mi?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe tí n ò ní rí yín? Ẹ hanrun débi pé mo ní láti yí ohùn orin sókè. Ọdún mẹ́ta rèé tẹ́ ẹ ti ń sùn síbẹ̀."

"Wọ́n fẹ́ lé yín lọ́la. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Bàbá náà gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Iṣẹ́ lásán ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi. Tiyín ju iṣẹ́ lọ: orúkọ yín ni. Èmi náà ti gbé irọ́ pọ̀n rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìjókòó iwájú nínú ìjọ kọ́ ló gbà mí. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ni. Ọ̀gá, oorun kọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀ṣẹ̀ ló wúwo lẹ́yìn yín. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ fún Jésù."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ láàrin ìlà àga méjì, lórí ilẹ̀ tí a kò tíì gbá. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣàánú mi." Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn láti sọ. Àánú kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ kì í mutí, ìwọ kì í sì í jalè. Ṣùgbọ́n orúkọ rere tí àwọn ènìyàn fún ọ ti di ẹrù, ìwọ nìkan ni ó sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Títí di ìgbà wo ni ìwọ yóò máa gbé e kiri? Kristi kì í lé ẹni tí ó ti rẹ̀ padà. Ronúpìwàdà lónìí, nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè jẹ́wọ́. Nítorí ẹni tí ó bá rí ìdáríjì ní ìkọ̀kọ̀ kì yóò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀ ní gbangba.

Ní ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kún fọ́fọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní, "Ẹ̀yin òbí, ta ló fi àwọn ọmọ wa sínú ewu? Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ìyá ọmọ tí ó fò náà dìde, ó na ìka sí bàbá ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró ṣáájú rẹ̀.

"Àbúrò mi, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Bàbá yìí kò fi nǹkan kan kún fíìmù náà. Mo sùn ni. N kò wò ó, mo sì kọ ọ́ fún gbogbo yín pé ó dára. Ẹni tí ẹ ń wá, èmi ni."